Wọ́n Ní Kí Oyèrónkẹ́ Jókòó

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1994, nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba lé wa lórí, tí àwọn awakọ̀ ń sùn sílé epo láìrí epo rà, ìyá kan tó ni iléèwé girama ní Mowo ránṣẹ́ pe Oyèrónkẹ́ Adélékè wá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó fún un ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ó bi í léèrè àlàáfíà bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún un pé kó má wá síbi iṣẹ́ mọ́.

"Kí ni mo ṣe, mà?"

"O ò ṣe nǹkan kan, Mísì Adélékè. Àwọn òbí ló ń yọ mí lẹ́nu. Aboyún kan wá bá mi lánàá, ó ní òun ò fẹ́ máa pàdé rẹ ní géètì mọ́, kí ọmọ inú òun má lọ mú àwòrán rẹ." Ìyá náà mi orí tàánú-tàánú. "Ìwọ náà mọ̀ pé mi ò kórìíra rẹ. Kò sí ọjọ́ tí mi ò ń gbàdúrà fún ọ."

Oyèrónkẹ́ wo ìgò tó wà níwájú rẹ̀. Àìsàn rọpárọsẹ̀ ló mú un nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ ní Ọ̀yọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì gbẹ, ọ̀pá abẹ́ abíyá ló sì fi ń rìn. Iṣẹ́ ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ, wọ́n sì ń yege dáadáa lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gbọ́ oríṣiríṣi èébú láti kékeré, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó rí i lára tó àdúrà ìyá yìí. Ó dìde, ó fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe gbé e fún un, ó jáde.

Tíṣà kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló júwe lọ́yà kan fún un ní ìlú Àgbádárìgì. Dosu lorúkọ rẹ̀, ọmọ Gun ni. Òun ni wọ́n bí lé àwọn ìbejì, ẹni tí àwa Yorùbá ìbá pè ní Ìdòwú. Kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́yà. Ọ́fíìsì rẹ̀ kọjú sí ọ̀sà, òórùn ẹja yíyan sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Oyèrónkẹ́ ti múra sílẹ̀ fún ìbéèrè tí gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ bi í, pé kí ló ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Dosu kò bi í.

"Kí lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ?" ló bi í.

"Ìṣirò."

"Ṣé wọ́n ń yege?"

"Wọ́n ń yege."

"A jẹ́ pé wọn ò rí ẹ̀sùn kankan kà sí yín lẹ́sẹ̀."

Bó ti sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohun tó sọ. Ojú tì í, kò mọ bó ṣe máa gbà á padà. Ẹ̀rín bú lẹ́nu Oyèrónkẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti lé e, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rẹ́rìn-ín nìyẹn.

"Ṣebí ẹsẹ̀ náà gan-an lẹ̀sùn?" ló wí.

"Ẹ dákun, Yorùbá mi ni ò já geere." Dosu nu ojú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní ìjọba ológun fọwọ́ sí òfin kan nítorí àwọn aláàbọ̀ ara, pé kí ẹnikẹ́ni má fi iṣẹ́ dù wọ́n nítorí bí ara wọn ṣe rí. Mo rí ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan l'Ékòó."

"Ìjọba ológun wa yìí?"

"Àwọn náà ni."

"Àwọn tó ń ti iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn pa, tó ń kó èèyàn sí àtìmọ́lé, àwọn ló wá rántí èmi tíṣà ní Mowo?"

"Èmi náà ò lóye rẹ̀," ni Dosu wí. "Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti kọ ọ́, ẹ jẹ́ ká fi dán wọn wò."

Bí wọ́n ṣe gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ló kọ́kọ́ ń gbé Dosu lọ sí Ìjànìkín, níbi tí Oyèrónkẹ́ ń gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni Adélékè, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tó yá, ó ń lọ láìsí ọ̀rọ̀ ẹjọ́ lẹ́nu. Ọkọ̀ ò sí lójú ọ̀nà. Á fò mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù, á fẹsẹ̀ rin ìyókù, á dé pẹ̀lú eruku nínú irun. Á bá Oyèrónkẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní lẹ́sìnnì, á jókòó sẹ́yìn wọn bí ọmọ iléèwé. Tí Oyèrónkẹ́ bá wo apá ibẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ á ṣẹ́.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, àwọn méjèèjì jókòó sórí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ létí ọ̀sà.

"Rónkẹ́, mo fẹ́ fi ọ́ ṣaya," ni Dosu wí.

Oyèrónkẹ́ gbé ọ̀pá rẹ̀ lé itan. Ó ti pẹ́ tó ti bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé gbólóhùn yẹn kò ní dé ọ̀dọ̀ òun láé. Ó ti ṣètò ayé rẹ̀ sí bẹ́ẹ̀: iṣẹ́ rẹ̀, ìwé rẹ̀, yàrá rẹ̀. Ọkùnrin yìí wá ń fa gbogbo ètò náà tu.

"Ṣé èmi lo fẹ́ ni, àbí ẹjọ́ mi?"

"Ẹjọ́ rẹ ò lè máa fi mí rẹ́rìn-ín tí mo bá ti ṣi Yorùbá sọ."

Ó rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ló bi í pé, "Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Ìyá mi á gbà."

"Ṣé o ti sọ bí mo ṣe rí fún wọn?"

Dosu yíjú sí omi. "Mo máa sọ fún wọn."

Oyèrónkẹ́ rí bó ṣe yíjú yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn kì í fẹ́ rí tó bẹ́ẹ̀. Ó ní òun gbà.

Ọjọ́ tí wọ́n pe ẹjọ́ wọn, kóòtù kún. Dosu gbé ọ̀rọ̀ òfin tuntun náà kalẹ̀. Adájọ́ yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Lọ́yà, inú gàsẹ́ẹ̀tì ìjọba wo ni òfin yìí wà?"

"Olúwa mi, ẹ̀dà rẹ̀ nìyí."

"Gàsẹ́ẹ̀tì ni mo bi yín."

Kò sí gàsẹ́ẹ̀tì, ìwé tí ìjọba máa ń tẹ òfin tuntun sí. Dosu ti wá a títí. Àwọn kan ní wọ́n tẹ̀ ẹ́, àwọn kan ní wọn ò tẹ̀ ẹ́, ọ́fíìsì kan ní kó lọ bi ọ́fíìsì kejì. Ẹnì kan fi imú rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Lọ́yà iléèwé dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní àwọn ò fẹ́ ìjà. Màdáámù tó ni iléèwé ṣe tán láti gba ọmọbìnrin náà padà. Inú yàrá tí wọ́n ń kó ìwé sí ni yóò máa jókòó sí, tí yóò máa máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ. Kò kàn ní máa jáde lọ́jọ́ tí òbí bá ń bọ̀ ni.

Dosu fò dìde. "Olúwa mi, ìdọ̀tí ni wọ́n ń gbé pa mọ́ tí àlejò bá ń bọ̀. Oníbàárà mi kì í ṣe ìdọ̀tí. Tí wọ́n bá fẹ́ ẹ, kí wọ́n fẹ́ ẹ ní gbangba. Tí wọn ò bá fẹ́ ẹ ní gbangba, wọn ò fẹ́ ẹ."

Èdè òyìnbó ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni Oyèrónkẹ́ fi gbọ́ ọ. Ọkàn rẹ̀ yọ́ mọ́ ọkùnrin náà lọ́jọ́ yẹn, kò sì sí ohun tí ì bá ní kó ṣe fún òun tí kò ní ṣe. Adájọ́ ní òun máa ronú sí i. Ó sún ìdájọ́ síwájú.

Àǹtí Comfort ló wá ṣe alárinà. Àbúrò ìyá Dosu ni, Sẹ̀mẹ̀ lẹ́nu ibodè ló ti ń ta aṣọ tó ń kó wá láti Kútọnu, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ yí ká. Ó lọ bá ọ̀gbẹ́ni Adélékè ní Ìjànìkín. Oyèrónkẹ́ wà nínú yàrá, ó ń gbọ́ wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ó dá ọmọ yín lójú pé èyí ni?" Ohùn bàbá rẹ̀ ń gbọ̀n bí ohùn ẹni tó rí nǹkan he. "Ẹ má da ara yín láàmú lórí owó orí o. Ohunkóhun tó bá wù yín ni kí ẹ mú wá. Tí kò bá tilẹ̀ sí, kò burú. Àwa náà mọ irú ọmọ tí a bí."

Àǹtí Comfort dìde, ó ní òun ń lọ. Nígbà tó lọ tán, bàbá wọlé wá bá ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ká ní ara rẹ pé ni, mi ò jẹ́ fún Ègùn lọ́mọ. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, ta ló tún ń bọ̀? Yáa dì í mú."

Oyèrónkẹ́ jáde lọ sẹ́yìn ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tutọ́. Ó tutọ́ títí, ìkorò ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá Dosu ní òun fẹ́ rí i. Dosu mú un lọ sílé wọn ní Àgbádárìgì. Ẹ̀gbọ́n Dosu, Zinsu, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì, tó wà nípò bàbá wọn tó ti kú, wà níbẹ̀ lórí àga gíga. Oyèrónkẹ́ fi ọ̀pá ti ara rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí wọn bó ṣe lè kúnlẹ̀ mọ. Ìyá náà pariwo "Jiwheyẹwhe!", ó ń pe Ọlọ́run ní èdè Gun, ó fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó yá, ó ní, "Dìde. Rìn lọ sídìí àgbọn tó wà níta yẹn, kí o padà wá, kí n rí ọ."

Oyèrónkẹ́ wo Dosu. Ó ń dúró kó sọ̀rọ̀. Ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́ ni, kò lè ṣàì sọ̀rọ̀. Dosu ń wo bàtà rẹ̀.

Ó lọ, ó sì padà. Ìyá náà dìde, ó fọwọ́ tẹ ìbàdí rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ lápá òsì, bí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́. Ó bá Zinsu sọ̀rọ̀ ní Gun. Zinsu bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ni wọ́n sọ?" ni Oyèrónkẹ́ bi Dosu lójú ọ̀nà.

"Má dá wọn lóhùn. Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn."

"Ìwọ ńkọ́? Báwo ni ìwọ ṣe rí?"

Dosu nawọ́ dá ọkọ̀ kan dúró. Oyèrónkẹ́ náà kò tún un bi í, torí ó ń bẹ̀rù ìdáhùn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọkùnrin ló ń bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ̀. Ó sọ ọ́ títí, kò dùn létí ara rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Àǹtí Comfort wá ń lọ tó ń bọ̀. Ìyá Dosu ní kí dọ́kítà yẹ ilé ọmọ Oyèrónkẹ́ wò. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá ní kí àwọn aládùúrà wẹ̀ ẹ́ létí òkun, kí àìsàn náà má baà wọlé tọ àwọn ọmọ. Oyèrónkẹ́ kọ èyí. Àǹtí Comfort fúnra rẹ̀ jókòó, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ìyàwó wa, mo ta aṣọ fún oríṣiríṣi èèyàn. Wọ́n máa ń nà án, wọ́n á fà á, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀. Mi ò rí i kí wọ́n fi èèyàn ṣe é rí. Ó ti sú mi."

Ọ̀sẹ̀ tí ẹbí méjèèjì máa pàdé ni Dosu dé, ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá mi ti gbà!"

"Wọ́n gbà?"

"Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n ní ká ṣe. Kí o ti jókòó sórí àga kí àwọn ẹbí wa tó wọlé. O ò ní kúnlẹ̀, o ò ní dìde. A ó gbé ọ̀pá lọ sínú yàrá. Tí gbogbo wọn bá ti lọ, kò séwu." Ó sáré fi kún un pé, "Nítorí fọ́tò ni, àti àwọn ará wa ní Kankon tí wọ́n máa ń sọ ìsọkúsọ. Ọjọ́ kan péré ni, Rónkẹ́."

Oyèrónkẹ́ di ọ̀pá rẹ̀ mú.

"Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Yàrá ìwé ni o ní kí n lọ jókòó sí yẹn."

"Ìyẹn yàtọ̀."

"Kí ló fi yàtọ̀?"

Dosu na ọwọ́ sí i. Oyèrónkẹ́ tì í kúrò.

"O ní tí wọn ò bá fẹ́ mi ní gbangba, wọn ò fẹ́ mi. Ta lo ń sọ ọ́ fún, Dosu? Adájọ́ nìkan?"

"Mo fẹ́ràn rẹ. O mọ̀."

"Mo mọ̀. Ohun tó ń rí mi lára nìyẹn. Ìyá tó lé mi níbi iṣẹ́ ń gbàdúrà fún mi. Bàbá mi ń ṣàánú mi. Ìwọ fẹ́ràn mi. Nínú gbogbo yín, kò sí ẹni tó kórìíra mi!" Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Máa bá ẹjọ́ mi lọ. Lọ́yà mi lo ṣì jẹ́. Ọkọ mi, rárá."

Inú bí bàbá rẹ̀ gidigidi. Ó ní ọmọ òun ti fẹsẹ̀ da oúnjẹ nù, ẹsẹ̀ tí kò tilẹ̀ ní.

Àwọn òṣìṣẹ́ epo yanṣẹ́ lódì lákòókò òjò ọdún náà, gbogbo nǹkan dúró, kóòtù pàápàá dúró. Nígbà tí wọ́n ṣí i padà, adájọ́ ka ìdájọ́. Ó ní òfin tí ẹnikẹ́ni kò lè fi gàsẹ́ẹ̀tì rẹ̀ han òun, òun kò lè fi dájọ́. Ó ní ó ṣe òun láàánú. Ó da ẹjọ́ nù. Màdáámù wá bọ Oyèrónkẹ́ lọ́wọ́ ní ìta kóòtù, ó ní kò sí ìkùnsínú, àdúrà òun ṣì ń bá a lọ. Dosu dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú ìwé lábẹ́ apá. Ó ti rù. Oyèrónkẹ́ kò lè wò ó pẹ́, torí tó bá wò ó pẹ́, á lọ bá a.

Kò lọ. Ó padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní Ìjànìkín. Àwọn tíṣà ìjọba ń yanṣẹ́ lódì, àwọn ọmọ sì ń pọ̀ sí i lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn òbí kan láti Mowo, tí wọ́n ti ṣàròyé nítorí rẹ̀, rọra ń fi ọmọ wọn ránṣẹ́ pé kó kọ́ wọn ní ìṣirò. Ó gba àwọn ọmọ náà. Kò kí àwọn òbí wọn. Bí ọdún ṣe yí nìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àǹtí Comfort sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Dosu ti da ilé wa rú o! Wọ́n pe ìpàdé ẹbí, wọ́n fẹ́ fún un ní ọmọbìnrin kan láti Kankon kó fi ṣaya. Ọmọ náà wà níbẹ̀, tòun ti ìyá rẹ̀. Dosu dìde. Ó ní, 'Lọ́jọ́ tí ìyá mi ní kí Oyèrónkẹ́ rìn, tí wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bí ẹran, mo dákẹ́. Ìwà ọ̀lẹ ni mo hù. Òun ni mo fẹ́, bó ṣe ń rìn, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, lójú gbogbo yín. Ẹni tí kò bá fẹ́ rí i, kó má wá.' Ní Gun o, kò fi èdè òyìnbó bò ó! Zinsu ní kó jáde nílé bàbá òun. Ó ti jáde."

"Ibo ló wà?"

"Ó ń sùn ní ọ́fíìsì. Kò rán mi wá. Ó ní ojú ń ti òun."

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó wá fúnra rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò wọlé.

"Mo ti sọ ọ́," ló wí.

"Mo gbọ́."

"Ó pẹ́ kí n tó sọ ọ́."

"Ó pẹ́." Oyèrónkẹ́ wò ó. Ọkùnrin tó ń wo bàtà ṣì wà nínú ojú yẹn. Ẹni tó ń ṣi Yorùbá sọ náà wà níbẹ̀. "Mi ò ní gbàgbé ìdí àgbọn yẹn, Dosu. Nígbà míì, màá máa wò ọ́, á sì máa rí mi lára."

"Má gbàgbé. Tó bá ti ń rí ọ lára, sọ fún mi."

"Màá sọ."

"Ṣé kí n wọlé?"

"Wọlé."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó orí dé, Oyèrónkẹ́ sọ fún bàbá rẹ̀ pé, "Gbogbo nǹkan tí ẹ gbà lórí àbúrò mi obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ ni kí ẹ gbà lórí mi. Tí ẹ bá dín ẹyọ iṣu kan kù níbẹ̀, mi ò lọ." Bàbá gbà á, ojú tì í. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Àǹtí Comfort fọwọ́ síwèé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ìyá Dosu kò wá.

Ó wá lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ wọn àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tó ránṣẹ́ pè é. Ó kàn wọlé pẹ̀lú àwọn obìnrin ẹbí lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ilé ro pé àlàáfíà ti dé. Oyèrónkẹ́ pàápàá ro bẹ́ẹ̀, ó fúnra rẹ̀ gbé ọmọ náà lé ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìyá náà kò kí ẹnikẹ́ni. Ó tẹ́ ọmọ náà sórí itan, ó tú aṣọ tí wọ́n fi wé e, ó di ẹsẹ̀ méjèèjì mú. Ó nà wọ́n. Ó tò wọ́n pọ̀, ó wò wọ́n bóyá wọ́n gùn dọ́gba. Ó ká orúnkún, ó tún nà án. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Àwọn obìnrin ẹ̀yìn rẹ̀ na ọrùn.

"Ó pé!" ló kígbe. "Méjèèjì ló pé! Jiwheyẹwhe, o ṣeun!" Ló bá bú sórin, àwọn yòókù gbè é.

Oyèrónkẹ́ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ìkorò àtijọ́ náà ti kún ẹnu rẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀, Dosu ti dé ibẹ̀. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó fi aṣọ wé e padà. Orin dúró.

"Ìyá, kí lorúkọ ọmọ yìí?"

"Ẹ ò tíì sọ fún mi."

"Ẹ ò bèèrè. Ta ló jọ?"

Ìyá náà wo ìdì aṣọ lọ́wọ́ Dosu. Kò tíì wo ojú ọmọ náà.

"Ẹ máa lọ sílé, Ìyá," ni Dosu wí jẹ́jẹ́. "Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ wá wo ojú rẹ̀, ẹ padà wá."

"Dosu! Èmi lo ń lé? Níwájú àwọn èèyàn?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá. Níwájú àwọn èèyàn."

Gbogbo ojú yí sí Oyèrónkẹ́. Wọ́n ń dúró kó bẹ ọkọ rẹ̀, bí ìyàwó rere ṣe máa ń ṣe, kí ìyá lè fi iyì jókòó. Àǹtí Comfort nìkan ni kò wò ó, ó ti ń ṣí ilẹ̀kùn. Oyèrónkẹ́ kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó na ọwọ́ méjèèjì, Dosu sì gbé ọmọ náà fún un. Ebi ń pa ọmọ náà, Oyèrónkẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lọ́mú.